À ń ṣa ìdọ̀tí etíkun, wọ́n tún ń dà á síbẹ̀: kí ni ká ṣe sí i?

Àdùkẹ́ Etíkun

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Àwa kan wà tí a máa ń péjọ ní òpin ọ̀sẹ̀ láti ṣa ìdọ̀tí ní etíkun. Ẹnikẹ́ni kò rán wa níṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì sanwó fún wa. Àpò ńlá, ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti ọ̀pá ẹlẹ́nu ẹ̀mú tí a fi ń mú nǹkan nílẹ̀, irinṣẹ́ wa kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ṣe tán, gbogbo ibẹ̀ á mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n kí àwọn tó wá gbafẹ́ lọ́jọ́ kejì tó dìde tán, ibẹ̀ á ti padà sí bó ṣe wà, bíi pé a ò débẹ̀ rí.

Ìdílé kan wá lọ́jọ́ kan, bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ. Ọmọlúàbí ni wọ́n. Wọ́n kí wa, wọ́n tiẹ̀ ní a kú iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ìyá gbọn yanrìn kúrò lára ẹní, ó nu ẹsẹ̀ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà kó yanrìn wọ mọ́tò. Gbogbo páálí oúnjẹ, ìgò omi àti ife oníke tí wọ́n lò, ó kó wọn sínú ọ̀rá kan, ó so ó lẹ́nu dáadáa, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí yanrìn níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ẹyẹ ti fi ẹnu ya ọ̀rá náà, atẹ́gùn sì ti gbé ohun inú rẹ̀ káàkiri títí dé etí omi. Obìnrin yẹn ò ní gbà láéláé pé òun da ìdọ̀tí sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó ti palẹ̀ mọ́.

Oríṣi kejì wà tó ń bí mi nínú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá kúnlẹ̀ níbi tí àwọn kan ti jókòó, lókè yanrìn kò ní sí nǹkan kan. Bí mo bá wá fi ìka wà á díẹ̀ báyìí, ìdérí ìgò, àgékù sìgá, sítírọ́ọ̀, nígbà mìíràn àfọ́kù ìgò gan-an. Wọ́n rì í mọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó ń ri ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ mọ̀ dájú pé ohun tí òun ń ṣe kò dára. Ojú ń tì í. Àmọ́ ìtìjú náà ò tó ohun tó lè gbé e dé ìdí garawa ìdalẹ̀nù. Ẹsẹ̀ ọmọdé tó bá ń sáré kiri níbẹ̀ lọ́la ni ìgò náà máa gún.

Ìbéèrè mi nìyí. Àwọn kan nínú wa ti ń sọ báyìí pé àwa tí à ń ṣa á gan-an la ń kẹ́ wọn bàjẹ́. Pé bí ènìyàn bá ti mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀ wá kó o, kò ní yé jù ú. Wọ́n ní ká fi sílẹ̀ kó kún, kó máa rùn sí àwọn tó dà á síbẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á, ṣùgbọ́n mi ò rí èsì fún wọn. Àwọn mìíràn ní ká bẹ̀bẹ̀ fún garawa púpọ̀ sí i. Àwọn kan ní kí wọ́n kó gbogbo garawa kúrò pátápátá, kí kálukú máa gbé tirẹ̀ relé. Àti pé báwo lèèyàn ṣe ń bá ẹni tó ju nǹkan sílẹ̀ lójú ẹni sọ̀rọ̀ tí kò fi ní dìjà? Ẹ̀yin tí ẹ ti bá irú èyí pàdé, ì báà jẹ́ ní etíkun, nínú ọgbà ìgbafẹ́ tàbí ní ẹ̀bá títì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Ọlọ́gbà

Ọmọ mi Àdùkẹ́, o kú iṣẹ́ takuntakun. Iṣẹ́ ìtọ́jú ọgbà ìgbafẹ́ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ má fi sílẹ̀ o. Ẹni tó bá ní kí ẹ jẹ́ kó kún kò tíì ṣe iṣẹ́ ọgbà rí. Ìdọ̀tí ló ń pe ìdọ̀tí. Bí mo bá rí ìgò kan ṣoṣo lábẹ́ àga láàárọ̀ tí mi ò mú un, kó tó di ọ̀sán ìgò náà ti ní ẹgbẹ́ tó pọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ máa ń wòtún wòsì kó tó ju tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni kẹta kì í wo ibì kankan mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò ni àsìkò. O ní òpin ọ̀sẹ̀ lẹ máa ń ṣe é, o ò sọ ìgbà tí ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń dúró kí èrò lọ tán kí ẹ tó jáde, ta ló máa rí ilẹ̀ tó mọ́ náà, àfi òru? Ẹ ṣe é ní kùtù, kí ẹni àkọ́kọ́ tó dé, kó lè jẹ́ pé ilẹ̀ tó mọ́ ni gbogbo wọn máa bá. Kí ẹnì kan tún gbé àpò kékeré rìn yí ibẹ̀ ká lọ́sàn-án nígbà tí èrò bá pọ̀ jù. Ìrìn ọ̀sán yẹn, mo kà á sí ju iṣẹ́ àárọ̀ lọ, nítorí pé wọ́n ń rí yín. Ọwọ́ tó ti fẹ́ sọ ìdérí sílẹ̀ á fà sẹ́yìn nígbà tó bá rí i pé ẹnìkan ń tẹ̀ ba mú ti ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ garawa wá. Garawa tó kún burú ju àìsí garawa lọ. Ènìyàn á gbé ọ̀rá rẹ̀ dé ìdí rẹ̀, á rí i pé ó ti kún dé ẹnu, á gbé e tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó tẹ̀ lé e á gbé tirẹ̀ lé e. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rò pé òun da ìdọ̀tí sílẹ̀, bíi ti obìnrin tó o sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọ̀gá wa nígbà náà pé kí wọ́n má ka iye garawa fún mi. Ẹni tó ń lọ dà á àti ìgbà tó ń dà á ni kí wọ́n sọ. Lọ́jọ́ ìsinmi tí èrò ń wọ́ tìrítìrí, garawa tí wọ́n dà lálẹ́ àná lè kún kó tó di ọ̀sán. Bí ọkọ̀ akólẹ̀ kò bá lè wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, a jẹ́ pé ẹ nílò èyí tó tóbi ju èyí tó pọ̀ lọ.

Ibi tí wọ́n ń gbé e sí ńkọ́? Mo ti rí i tí wọ́n to garawa sí ẹ̀bá ọ̀nà mọ́tò nítorí pé ó rọrùn fún ọkọ̀ akólẹ̀, bẹ́ẹ̀ abẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán ni gbogbo èrò ti ń jẹun. Ibi tí ọwọ́ bá ti tú oúnjẹ ni ọwọ́ ti ń wá ibi tó máa ju páálí sí. Ẹ gbé ọ̀kan síbẹ̀, kí ẹ gbé òmíràn sí ọ̀nà àbájáde tí gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Kó ní ìdérí nítorí ẹyẹ, ajá àti òjò. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ìdérí tí ènìyàn máa fọwọ́ ṣí o! Ọ̀pọ̀ ò fẹ́ fọwọ́ kan ìdérí garawa ìdọ̀tí, wọ́n á kúkú gbé tiwọn lé e lórí. Èyí tí wọ́n lu ihò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ihò náà fẹ̀ tó páálí oúnjẹ, òun ló dára jù.

Ní ti kíkó garawa kúrò, ó ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ní Japan, wọ́n kó ọ̀pọ̀ garawa kúrò ní gbangba lẹ́yìn tí àwọn kan tú gáàsì olóró sarin sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Tokyo ní 1995, ìgboro wọn ò sì tìtorí ẹ̀ di ààtàn. Àmọ́ láti kékeré ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń fọwọ́ ara wọn gbá kíláàsì tí wọ́n ti ń kàwé. Ó tún ń ṣiṣẹ́ lórí òkè àti nínú igbó àbójútó, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ ti mọ̀ láti ilé pé kò sí garawa, tó sì ti mú àpò dání. Etíkun tí ènìyàn kàn yà sí lójijì kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kó garawa kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́ ṣáájú, inú yanrìn tí ò ń wà yẹn ni gbogbo rẹ̀ máa gbà lọ.

Ó wá ku bí a ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Má ṣe dójú ti àgbàlagbà lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìjà ló máa fi dá ẹ lóhùn, kódà bó bá mọ̀ pé òun jẹ̀bi. Èmi kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá jù ú. Bí mo bá ti rí i tí wọ́n ń tẹ́ ẹní, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ jáde, mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn. "Ẹ káàbọ̀ o. Àpò rèé, kí ẹ lè rí nǹkan kó tiyín sí. Garawa wà lọ́nà àbájáde lọ́hùn-ún." Mo ti bá tèmi lọ nìyẹn. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba àpò lọ́wọ́ ẹ kì í fi í sílẹ̀ lọ bọ̀rọ̀. Èyí tó bá sì ti jù ú kí n tó dé, mi ò ní bi í pé kí ló dé. N ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nǹkan yín já bọ́." Ọ̀pọ̀ wọn á dúpẹ́, wọ́n á sì mú un. Bó bá jẹ́ ẹni tí ọtí ń pa, tàbí tí ojú rẹ̀ le koko, fi sílẹ̀ jàre. Ìlera rẹ ṣe pàtàkì ju ìgò lọ.

Aṣèwádìí

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an sà. Ìdọ̀tí tó ń pe ìdọ̀tí tí ẹ wí yẹn, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ti dán an wò, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe bá a.

Ní 1990, Robert Cialdini àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n há bébà mọ́ gíláàsì iwájú mọ́tò àwọn ènìyàn níbi ìgbọ́kọ̀sí, wọ́n wá ń ṣọ́ ohun tí àwọn onímọ́tò máa fi ṣe. Níbi tí ilẹ̀ ti mọ́, 14 nínú 100 ló jù ú sílẹ̀. Níbi tí wọ́n ti da bébà káàkiri ṣáájú, ó di 32. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ẹnì kan kọjá níwájú onímọ́tò kó sì ju bébà sílẹ̀ lójú rẹ̀. Níbi tó ti dọ̀tí tẹ́lẹ̀, iye àwọn tó jù ú fò dé 54. Níbi tó mọ́ ńkọ́? Ó já wálẹ̀ sí 6! Ìyẹn ni pé tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tó ju nǹkan sílẹ̀ á dá yàtọ̀ gedegbe, àwọn tó ń wò ó á sì rántí pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Tí ilẹ̀ bá dọ̀tí, àpẹẹrẹ tí wọ́n máa tẹ̀ lé ló fún wọn.

Ní 2008, Kees Keizer àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Groningen, ní Netherlands, tún ṣe irú ẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí. Ti wọn ò tiẹ̀ kan ìdọ̀tí ilẹ̀. Ògiri ibẹ̀ nìkan ni wọ́n kùn ní ìkùnkukùn, lábẹ́ àkọlé tó ní kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan sára ògiri. Nígbà tí ògiri mọ́, 33 nínú 100 ló ju bébà tí wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀; nígbà tí wọ́n kùn ún ní ìkùnkukùn, 69. Ògiri lásán o.

Nítorí náà, Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ sọ fún àwọn tó ní kí ẹ fi sílẹ̀ pé etíkun tó mọ́ yẹn ń bá ẹni tó bá dé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó pàdé yín rárá.

Bí ẹ bá máa gbé pátákó síbẹ̀, ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ máa kọ sí i. Cialdini yìí kan náà dán àkọlé wò ní ọgbà ìjọba Petrified Forest ní Arizona, níbi tí àwọn àlejò ti máa ń jí àfọ́kù igi tó ti di òkúta. Àkọlé tó ń ráhùn pé ọ̀pọ̀ àlejò ti kó igi lọ ló jẹ́ kí olè pọ̀ sí i ju èyí tó kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má mú un. Ẹni tó kà á gbọ́ pé ohun tí gbogbo ayé ń ṣe nìyẹn. Ẹ má kọ ọ́ láéláé pé "Ẹ wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń ba ibí jẹ́."

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ jẹ́ kí n mú yín kúrò ní etíkun díẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà, mo mọ ẹ̀bá títì bí mo ṣe mọ yàrá mi.

Gbogbo ènìyàn rò pé ojú wíńdò mọ́tò ni gbogbo ìdọ̀tí ẹ̀bá títì ti ń wá. Ó ń wá níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ máa wo ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọn ò ta tapólì bò. Àwọn òṣìṣẹ́ jẹun tán, wọ́n ju páálí àti ìgò òfìfo sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, wọ́n rò pé àwọn ti kó o dání. Kí mọ́tò tó rìn jìnnà, atẹ́gùn ti gbọ́n gbogbo rẹ̀ sójú ọ̀nà. Ọkọ̀ akólẹ̀ gan-an máa ń ṣe é! Mo ti tẹ̀ lé ọ̀kan lẹ́yìn tó jẹ́ pé bí ọ̀rá ṣe ń fò jáde lára rẹ̀ ni ó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì mi. Wọ́n ń kó ìdọ̀tí ìgboro lọ sí ààtàn, wọ́n ń fi ìdajì rẹ̀ wọ́n ọ̀nà.

Nǹkan kan tún wà tí ẹnu àwa awakọ̀ kì í fẹ́ sọ. Ìgò tí wọ́n tọ̀ sí. Ẹni tí kò fẹ́ dúró á tọ̀ sínú ìgò, á dé e, á sọ ọ́ sínú koríko. Lọ́jọ́ tí àwọn agékoríko bá gbé ẹ̀rọ wọn dé, abẹ ẹ̀rọ á ba ìgò náà, ara àti ojú ẹni ẹlẹ́ni ni gbogbo rẹ̀ máa tú sí. Ẹni bíi tiwa ni o, ó ní ilé, ó lọ́mọ. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ yìí, ojú wọn á sì kọ́rẹ́ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí wọn ò ronú kan ẹni tó ń gé koríko rí.

Ẹ̀rọ yẹn náà ló fà á tó fi yẹ kí ẹ máa ṣa ẹ̀bá títì kí wọ́n tó gé koríko. Tí abẹ bá ti kọjá lórí ọ̀rá kan tàbí ìgò oníke, ó ti di wẹ́wẹ́ nìyẹn. Kò sí ọwọ́ tó lè ṣa á mọ́. Òjò á gbá a wọ gọ́tà, gọ́tà á gbé e dódò, odò á gbé e wá bá Àǹtí Àdùkẹ́ ní etíkun.

Ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ní 1985, ní tòsí ìlú Tyler, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ẹgbẹ́ tàbí ìdílé fi lè gba apá kan lójú ọ̀nà, kí wọ́n máa ṣa á, kí ìjọba sì gbé orúkọ wọn sí pátákó níbẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé ìpolongo Don't Mess with Texas jáde, ìyẹn ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi Texas ṣeré, kó má sì dọ̀tí rẹ̀. Wọ́n ti wádìí pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin awakọ̀ ló ń ju nǹkan sílẹ̀ jù lọ, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn yẹn ò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Wọ́n fi ìlú wọn tí wọ́n fi ń yangàn bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì lo àwọn olórin àti eléré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fẹ́ràn. Ìdọ̀tí ojú ọ̀nà dín kù lọ́pọ̀lọpọ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ pátákó, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ fún.

Ìyá Olóòótọ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè, ó sì dáa. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ló ń wo ọwọ́ tó jù ú, kò sí ẹni tó wo ọwọ́ tó ṣe é. Ta ló ṣe ìgò tí a máa fi mu omi lẹ́ẹ̀kan péré, tí kò ní jẹrà lójú ọmọ tàbí ọmọ ọmọ ẹni tó mu ún?

Ìtàn wà níbẹ̀. Ní 1953, ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà ṣòfin tó ka títa bíà nínú ìgò tí wọn ò ní gbà padà léèwọ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe agolo àti ìgò wà lára àwọn tó dá Keep America Beautiful sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ aráàlú pé ẹni tó ń ju nǹkan sílẹ̀ ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1957, àwọn aṣòfin ibẹ̀ ti jẹ́ kí òfin Vermont náà kú. Mi ò sọ pé ẹni tó jù ú kò jẹ̀bi o. Mo ní ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì wu àwọn kan pé kí ẹ máa rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti gba owó ìdógò lórí ìgò. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ṣe é ní 1971, sẹ́ǹtì márùn-ún lórí ìgò kan. Wọ́n sọ ọ́ di mẹ́wàá ní 2017. Jámánì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lórí ìgò oníke àti agolo ní 2003, sẹ́ǹtì 25 ti Yúróòpù. O san owó náà mọ́ owó ohun mímu, o gbà á padà bí o bá dá ìgò padà. Ó lé ní 90 nínú ìgò 100 tó ń padà ní Jámánì. Ẹni tó bá tiẹ̀ gbé e jù sílẹ̀, ẹlòmíràn á mú un, torí owó ló rí nílẹ̀ yẹn. Ireland ní tirẹ̀ bu owó orí lé ọ̀rá ní 2002, sẹ́ǹtì 15 péré, ọ̀rá tí wọ́n ń gbà ní ṣọ́ọ̀bù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Rwanda fòfin de ọ̀rá ní 2008, Kenya ní 2017.

Àwọn tó bá fẹ́ fi Singapore ṣàpẹẹrẹ, pé owó ìtanràn ló tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Òótọ́ ni, ìtanràn wọn le, láti 1992 ni wọ́n sì ti ń ní kí ẹni tó da ìdọ̀tí sílẹ̀ wọ ẹ̀wù tó ń tàn yòò kó máa gbálẹ̀ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ló ń gbá ìlú náà lójoojúmọ́. Ẹ má yọ ti àwọn yẹn kúrò nínú ìtàn.

Àdùkẹ́, ṣíṣa tí ò ń ṣa á dára. Àmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Kọ ohun tí o ṣa sílẹ̀: ìgò mélòó, ìdérí mélòó, àgékù sìgá mélòó. Ètò ìṣàdọ̀tí etíkun tó bẹ̀rẹ̀ ní Texas ní 1986, tí Ocean Conservancy, àjọ kan tó ń dáàbò bo òkun, ń darí kárí ayé, àtìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka tiwọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àgékù sìgá fi wà lókè àkọsílẹ̀ wọn. Àpò tó kún kò lè bá aṣòfin sọ̀rọ̀. Ìwé tí wọ́n to iye sí lè bá a sọ ọ́.

Àdùkẹ́ Etíkun

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo jókòó, mo ka gbogbo rẹ̀ lákàtúnkà.

Bàbá, ìrọ̀lẹ́ la máa ń ṣe é, ẹ ti mọ̀ ọ́n láìsọ. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ mi, a sì ti fẹnu kò pé kùtù hàì ni láti ìsinsìnyí lọ, kí ẹni méjì máa rìn yí ká lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ "nǹkan yín já bọ́" yẹn, ó wọ̀ mí lára. Èmi kì í mọ ohun tí mo lè sọ, màá kàn máa wò wọ́n ni, inú mi á sì bàjẹ́ títí máa fi délé.

Ìyá Olóòótọ́, mo gbà pẹ̀lú yín nípa àwọn tó ń ṣe ìgò. A máa kà á, a ó sì ya àwòrán rẹ̀ kí àwòrán náà lè wà pẹ̀lú iye. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tọkàntọkàn: òfin lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, àfọ́kù ìgò tó wà nínú yanrìn kò ní dúró de òfin. Ní Mumbai, ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ní 2015, agbẹjọ́rò kan, Afroz Shah, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa etíkun Versova pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ kan tó jẹ́ àgbàlagbà. Ìdọ̀tí ibẹ̀ ga débi pé ẹsẹ̀ ò kan yanrìn. Àwọn ènìyàn ń dara pọ̀ mọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bu ọlá fún un ní 2016, nígbà tó sì di 2018, ọmọ ìjàpá òkun pa níbẹ̀, wọ́n sì rìn wọ omi. Òun náà ò dúró ní etíkun nìkan. Ó wọ inú àdúgbò lọ bá àwọn tó ń da ìdọ̀tí sódò. Ọ̀nà méjèèjì la fẹ́ tọ̀.

Ó ku ìbéèrè kan. Àgékù sìgá yìí ni ọwọ́ wa ò ká. Ó kéré, ọ̀pá ẹ̀mú ò mú un, ó sì pọ̀ ju gbogbo nǹkan yòókù lọ lọ́dọ̀ wa. Mo bi ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tẹ tirẹ̀ mọ́ yanrìn, ó ní òwú ni, pé á jẹrà. Kí ni kí n sọ fún irú wọn?

Aṣèwádìí

Òwú kọ́, Àǹtí mi. Cellulose acetate ni wọ́n fi ń ṣe ìdí sìgá, ike kan ni. Ó máa ń pẹ́ nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó bá sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ kò tíì tán. Èyí tí wọ́n ti fà tán tún kún fún nikotíìnì àti májèlé tó kù nínú èéfín, omi ló sì ń fọ̀ ọ́ jáde. Ẹ sọ ti ike yẹn fún wọn lásán. Ọ̀pọ̀ amusìgá ni ò mọ̀, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu.

Bàbá Ọlọ́gbà

Àdùkẹ́, gba agolo olókùn tó ṣófo, èyí tó ní ìdérí, kí o bu yanrìn tútù sí i dé ìdajì. So ọ̀kan mọ́ òpó tó wà ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bọ́ sórí yanrìn, nítorí pé ibẹ̀ ni amusìgá ti máa ń dúró fa ìkẹyìn. Kó jẹ́ irin o, má lo ike, má sì jẹ́ kí wọ́n máa ju sìgá sínú garawa páálí, torí iná. Mo ti pa iná garawa rí, èéfín ike tó ń jó kò ṣeé fà símú. Èyí tó ti wà nínú yanrìn tẹ́lẹ̀, ẹ lo ajọ̀ oníhò wẹ́wẹ́, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń jọ yanrìn. Bu yanrìn sí i nígbà tó bá gbẹ, kí ẹni méjì mì í. Yanrìn á jò lọ, sìgá àti àfọ́kù ìgò á kù sókè. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré.